Ní Madison, Ọjọ́ Kì í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Àsìkò tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà máa ń pè wá ti tó, wọ́n ń béèrè ohun tí wọn yóò dì sínú àpótí. Gààrí ńkọ́? Èlùbọ́ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n ra kóòtù òtútù ní Ìbàdàn àbí kí wọ́n dúró dìgbà tí wọ́n bá dé? Mo máa ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ohun tó gbọ́n owó lọ lápò mi, tó sì gba oorun lójú mi ní Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí mo ti kàwé gboyè másítà, ni pé gbogbo nǹkan níbẹ̀ ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ náà wà nínú ìwé tí wọ́n ti fún yín, kò sì sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn láti rán yín létí. Nílé, bí ọjọ́ bá kọjá, a ó lọ bá ọ̀gá, a ó kúnlẹ̀, a ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á fẹ̀sọ̀ bá yín sọ̀rọ̀, á ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òun lè ṣe. Òótọ́ ló sì ń sọ. Kò lágbára àtiyí ọjọ́ náà padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ápọ̀ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba O'Hare ní Chicago wọlé, bọ́ọ̀sì sì wà tó ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ tààrà dé ọgbà yunifásítì ní Madison. I-20, ìwé tí yunifásítì fi ń jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni yín, àti pásípọ́ọ̀tù, ọwọ́ yín ni kí wọ́n wà, ẹ má kó wọn sínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá gbé ni kí ẹ sọ fún àwọn aṣọ́bodè. Pọ̀nmọ́, kílíṣí àti ẹran gbígbẹ, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá. Ẹja gbígbẹ kì í sábà ní wàhálà. Ẹni tó bá sọ ohun tó gbé, tó burú tó burú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni wọ́n lè bu owó ìtanràn lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó: tó bá ti ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ sọ ọ́. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má gbé e wọlé, àìsọ rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo dé tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Orí ń fọ́ mi, oríkèé ń ro mí, òtútù ń mú mi nínú oṣù kẹjọ tí gbogbo ìlú ń wọ ṣòkòtò péńpé. Mo ní àárẹ̀ ìrìnàjò ni. Ọmọ Íńdíà kan tí a jọ ń gbélé ló gbé mi lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan lóru. Dókítà ń béèrè ohun tí mo jẹ, ó ń tẹ̀ mí níkùn, ó ń wo ọ̀fun mi. Nígbà tó yá ni mo sọ pé Nàìjíríà ni mo ti dé láìpẹ́, pé bó bá jẹ́ ilé ni, ibà ni n óò pe èyí. Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi kíá. Ibà ni lóòótọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn dókítà ibẹ̀ gbọ́n, ṣùgbọ́n ibà kò sí ní àdúgbò wọn, kò sì lè wá sí wọn lọ́kàn kíákíá. Bí ara yín bá gbóná láàárín oṣù díẹ̀ tí ẹ dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín ni ibi tí ẹ ti wá. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ má sì rò pé ẹ ó rí oògùn ibà rà ní ṣọ́ọ̀bù bíi ti kẹ́mísìtì àdúgbò wa. Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń tà á.

Lẹ́yìn tí ara mi yá ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Èyí tó kọ́kọ́ wá kún fún iye owó tó mú kí àyà mi já, mo pe bọ̀dá mi ní Ìbàdàn, a jọ ń ronú ilẹ̀ tí a lè tà. Kí n tó fara balẹ̀ kà á, oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ̀ gbangba pé kì í ṣe bíìlì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi hàn yín iye tí ilé ìwòsàn bù, iye tí ìnṣọ́ránsì san, àti iye tó ṣeé ṣe kó kù sí yín lọ́rùn. Bíìlì gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ fi àwọn méjèèjì wéra kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èyí tó kù sí mi lọ́rùn ṣì wúwo. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ló là mí lójú pé òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ilé ìwòsàn tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè gbọ́dọ̀ ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ríran ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lọ́wọ́, àti pé ọjọ́ 240 ni èèyàn ní láti kọ̀wé béèrè, láti ọjọ́ tí bíìlì àkọ́kọ́ bá ti dé. Mo kọ̀wé. Wọ́n dín owó náà kù, wọ́n sì jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ká ní mo ju ìwé náà sí kọ̀rọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe, gbèsè náà ì bá ti dé ọwọ́ àwọn tó ń sin owó.

Mi ò kábàámọ̀ pé mo lọ sí pàjáwìrì lóru ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ikọ́, ọ̀fun dídùn, inú rírun, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀. University Health Services, tí gbogbo èèyàn ń pè ní UHS, wà nínú ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í sanwó fún ọ̀pọ̀ ìwòsàn tó bá gbà níbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ti tì, ilé ìwòsàn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní urgent care wà nígboro, owó tiwọn kò sún mọ́ ti pàjáwìrì rárá.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Àdéhùn ilé tó pọ̀ jù lọ nítòsí ọgbà máa ń parí ní ọ̀sán ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, èyí tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15. Ẹ wo ohun tó wà láàárín: odindi òru kan tí èèyàn ò nílé. Ẹrù á kún ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ akẹ́rù á dí ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá ibi tí wọn yóò forí lé. Nígbà tí èmi náà ń kó kúrò nílé kan sí òmíràn, ọ̀dọ̀ Mọ́mì ní Eagle Heights ni mo sá lọ. Ìyàwó ọmọ Ẹdẹ kan tó ń ṣe PhD ni, gbogbo àwa ọmọ Yorùbá la sì ń pè é ní Mọ́mì. Ó bu àmàlà àti gbẹ̀gìrì fún mi, ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó wá bi mí:

"Ṣé o ò ka ìwé tó o fọwọ́ sí ni?"

"Mo kà á, mà. Mi ò ronú pé òru kan wà láàárín ni."

"Bí wọ́n ṣe ń ka Bíbélì ni kó o máa ka ìwé àwọn èèyàn yìí, ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí lóore ju gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún wa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìwé ilé kan náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yin tí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo yín lẹ jọ jẹ onílé ní gbogbo owó náà. Bí ẹnì kan bá sá lọ ní oṣù kejìlá, ẹ̀yin tó kù lẹ ó san tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kàn bá ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí fọwọ́ síwèé torí pé ilé ń wọ́n. Ẹ wo iye tí iná àti hítà ń ná ẹni tó gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò máa san án. Ilé tó dà bíi pé owó rẹ̀ dínkù lè jẹ́ èyí tí hítà rẹ̀ yóò fa yín lápò ya nínú oṣù kìíní. Bí ẹ bá lè rí ilé ní Eagle Heights, tó jẹ́ ti yunifásítì fúnra rẹ̀, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, torí èèyàn máa ń tò dúró dè é. Bọ́ọ̀sì 80 tó ń lọ láti ibẹ̀ sí inú ọgbà, ọ̀fẹ́ ni. Ilẹ̀ oko wà níbẹ̀ tí àwọn ará ilé fi ń gbin nǹkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Mọ́mì sì ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí tirẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkẹ́rù yẹn, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Hippie Christmas, tábìlì, àga, àtùpà àti pẹpẹ ìwé ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú ohun tó bá jẹ́ igi lásán tàbí irin. Bẹ́ẹ̀dì àti àga onítìmùtìmù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ìdun ló máa ń bá wọn wọlé. Aládùúgbò wa kan gbé àga kan wọlé báyẹn, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló tún sè, ó sì da bẹ́ẹ̀dì tó fi owó ara rẹ̀ rà nù.

Ní báyìí, dìpọ́síìtì, owó tí onílé máa ń gbà pamọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Nígbà tí mo kó wọ ilé àkọ́kọ́, onílé fún mi ní ìwé kan tí a ó fi sọ bí ilé ṣe rí: ògiri, ilẹ̀, fèrèsé, sítóòfù. Òfin Wisconsin fún ayálégbé ní ọjọ́ 7 láti kọ ohun tó ti bàjẹ́ kó tó dé. Àpá ìkòkò gbígbóná kan wà lórí pátákó ibi ìdáná, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ sì ti ń ṣí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gé àlùbọ́sà lójoojúmọ́. Mi ò kọ ọ́ síwèé, torí mo rò pé onílé ṣáà mọ nǹkan tó wà nílé ara rẹ̀. Nígbà tí mo kó jáde, lẹ́tà rẹ̀ dé láàárín ọjọ́ 21 tí òfin fún un láti dá dìpọ́síìtì padà: ó ti yọ owó pátákó tuntun kúrò.

Mo lọ sí Tenant Resource Center, àjọ kan nígboro tó máa ń la àwọn ayálégbé lọ́yẹ. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Onílé kò gbọ́dọ̀ gbowó lórí ohun tó gbó nítorí pé èèyàn ń lò ó bó ṣe yẹ, àti pé bí ó bá gbẹ́sẹ̀ lé owó náà láìtọ́, ayálégbé lè gbà á ní ìlọ́po méjì ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Mi ò ní fọ́tò kan ṣoṣo. Owó náà lọ. Ìbínú rẹ̀ wà nínú mi fún ìgbà pípẹ́, torí mo mọ̀ pé mi ò ba nǹkan jẹ́.

Ilé kejì, kí n tó tú ẹrù, mo ti ya fídíò gbogbo yàrá, mo ṣí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo tan iná sítóòfù, mo ya abẹ́ síǹkì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé náà, títí kan ihò ìṣó, mo sì fi í ránṣẹ́ sí onílé nípasẹ̀ íméèlì kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Gbogbo dìpọ́síìtì mi ló padà wá.

Bí ẹ bá ti ń gbélé, ẹ ó dáná, bí ẹ bá sì dín ata, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín lókè àjà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ní ilé ńlá, ariwo yẹn lè lé gbogbo ayálégbé jáde sínú òtútù, kí panápaná sì dé. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀. Ọgbọ́n tí Mọ́mì kọ́ mi rèé: ẹ gé tàtàsé, tòmátì àti àlùbọ́sà, ẹ tò wọ́n sínú àwo fífẹ̀, kí ẹ sun wọ́n nínú ààrò sítóòfù títí omi wọn yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ̀ wọ́n. Díndín tó kù kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, èéfín kò sì ní pọ̀. Ẹ pín in sínú ike, kí ẹ kó o sínú fírísà, ọbẹ̀ oṣù kan ti wà nílẹ̀. Ẹ ó rí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó ń jẹ́ Woodman's, epo pupa àti èlùbọ́ sì wà lọ́dọ̀ àwọn ará Áfíríkà tó ń tajà. Bí owó bá sì tán lóṣù kan, ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ọgbà, The Open Seat ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín ló dá a sílẹ̀ fún yín. Ẹ má fi ìtìjú sùn lébi.

Ariwo mìíràn tún wà. Ní ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní agogo méjìlá ọ̀sán, sáírìn ìjì líle á dún káàkiri ìlú. Ìdánwò ni, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá dún ní àkókò mìíràn, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá ilé, kí ẹ jìnnà sí fèrèsé.

Òtútù Madison kì í ṣe ti ọyẹ́. Adágún Mendota á dì débi pé èèyàn á máa rìn lórí rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ láti pẹja. Ẹ má ra kóòtù ní Nàìjíríà. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù St. Vincent de Paul, ẹ ó rí kóòtù tí wọ́n ki ìyẹ́ sí nínú ní owó pọ́ọ́kú. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn ń móoru ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Bàtà ni kí ẹ náwó lé, torí yìnyín tó ń dán lójú ọ̀nà máa ń gbé èèyàn ṣubú. Hítà á gbẹ inú ilé títí imú yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀, ètè á sì máa là. Ẹ gbé abọ́ omi sítòsí rẹ̀, kí ẹ sì fi òrí pa ara ní kété tí ẹ bá wẹ̀ tán. Òrí tí mo gbé láti ilé wúlò fún mi ju gbogbo ìpara tí mo rà lọ. Ẹni tó bá ra ọkọ̀, láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá dé ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ ó gbé e sí lóru ń yí padà lálaalẹ́. Ẹ ka pátákó àdúgbò yín.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi ni òkùnkùn. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ní àkókò yẹn, agogo méjìlá òru ti ń sún mọ́ nílé, torí wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú wa nígbà òtútù, mẹ́fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ẹni tí mo lè pè ti sùn. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì gan-an, ìwé kò wọlé, mo ń sùn ní ọ̀sán. Mo rò pé ìwà ọ̀lẹ ni. Mo bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ ní UHS, lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí n máa jáde síta nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Bọ̀dá mi àti èmi fi aago mẹ́fà àárọ̀ mi sí àkókò ìpè. Ó ṣèrànwọ́. Ohun mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì náà. Lọ́jọ́ kan ní Van Hise, ilé kan nínú ọgbà, ọmọ Amẹ́ríkà kan kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ kú ọ̀sán, mà," èmi tí mi ò ju ọdún díẹ̀ lọ sí i. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn wá di ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lórí iṣẹ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, fún yín láyè wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Ẹ má dirun gbowó nílé, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn gbé oúnjẹ kiri. Ẹ ó gbọ́ pé gbogbo èèyàn ń ṣe é. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni yóò pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín lórí fóònù pé ìmígíréṣọ̀n ni òun, kí ẹ ra káàdì ẹ̀bùn láti fi sanwó, olè ni, ẹ gé fóònù náà.

Owó orí ní ọjọ́ tirẹ̀ náà. Kódà ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ gbà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù 8843 ránṣẹ́, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni tirẹ̀. Ẹni tó gba owó iṣẹ́, fọ́ọ̀mù owó orí 1040-NR ni yóò kún pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Kò sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, nítorí náà, bí ọmọ Ṣáínà tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì bá ń sọ ti ìdínkù tí òun rí gbà, ẹ má da tiyín pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé fún ìsìnmi, kó ṣí I-20 rẹ̀ sí ojú ìwé kejì. Ìfọwọ́sí fún ìrìnàjò wà níbẹ̀, ọdún kan ló sì ń lò fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ International Student Services ló ń ṣe é. Kó wo ọjọ́ físà inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pẹ̀lú, torí bí ìyẹn bá ti kú, kò ní lè padà láìgba òmíràn. Ẹ wo méjèèjì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.